Asẹ́ Tí Kò Ní Ìṣó

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Màmá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya. Mi ò mọ ẹnu tí ọmọ tó máa ń fi aṣọ di imú tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ekòló yín yóò fi wá bèèrè ọ̀rọ̀ àpótí náà lọ́wọ́ yín. Oṣù márùn-ún rèé tí mo ti kúrò nílé, ẹ ò gbúròó mi. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ìṣòro ló lé mi wá. Òótọ́ ni. Ẹ forí jì mí.

Mo kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ṣé ojú yín ṣì ń dùn yín? Ẹni yòówù tó bá ń bá yín ka ìwé yìí, mo kí òun náà.

Ara mi le. Yàrá tí mò ń gbé wà ní òkè kẹta, fèrèsé kan ló ní, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́. Èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìṣirò ní ọdún kejì la jọ ń gbé e. Gbogbo ilé ń pè é ní Ọ̀gá Ìmọ́tótó, nítorí kò sí ohun tí kì í nù. Ó ń nu tábìlì, ó ń nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo ti rí i tó ń nu ọṣẹ. Ẹ ó wá mọ ohun tí ojú mi ń rí tí mo bá sọ fún yín pé àpótí ekòló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ló ní kí a sìn wọ́n. Ó fún oníkálukú ní àpótí oníke kan tí wọ́n lu ihò sí lára, pẹ̀lú ekòló pupa ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ó ní ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, kí a gbé abọ́ ilẹ̀dú kan wá, èyí tí ekòló ti ṣe tán pátápátá, tó dúdú, tó gbẹ níwọ̀n, tí kò sí ekòló kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kí a sì gbé àpótí náà wá pẹ̀lú, kí àwọn ekòló inú rẹ̀ wà láàyè, kí wọ́n má dín sí iye tí òun fún wa. Ẹni tí kò bá rí méjèèjì mú wá kò ní bá wa lọ sí ọdún kejì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo ní ta ló tún mọ ekòló ju ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọmọ-ọmọ Elékòló ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Màmá, mi ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó bá di imú, ojú rẹ̀ náà kì í sí níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo da àpótí sórí bébà, mo ń fi ìka ṣa ekòló lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni mo rí, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ẹrẹ̀, ó sì ń rùn bí omi òdòdó tí wọ́n gbàgbé sínú ìgò. Ọ̀gá Ìmọ́tótó ṣí fèrèsé, ó ní, “Ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ yẹn, ṣé ó ti kú ni àbí ó ń múra àtikú?”

Ẹ rántí ohun tí Bàbá sọ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ. Wọ́n fẹ́ kí n kọ́ ilé yíyà, kí n máa yà á, kí àwọn máa kàn án. Nígbà tí mo ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ni mo fẹ́, wọ́n gbé ayùn sílẹ̀, wọ́n ní, “Ó dáa. Ọjọ́ tí ekòló bá já ọ kulẹ̀, má kọ̀wé sí mi.” Láti ìgbà náà, mi ò kọ sí wọn, àwọn náà ò kọ sí mi.

Báwo lẹ ṣe máa ń kó ilẹ̀dú yín? Mo rántí pé ó máa ń gbẹ, ó máa ń rí wúruwùru bí ewé tíì, àwọn ará àdúgbò á sì wá bu díẹ̀ sí ìdí òdòdó wọn. Ṣùgbọ́n mi ò rí yín kí ẹ ṣa ekòló rí. Ẹ kàn máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ pé mo kọ èyí.

Ọmọ-ọmọ yín tí ojú ń tì.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ọmọ-ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Lẹ́tà rẹ dé. Ojú mi ò lè kàwé mọ́, mo wá ẹni tó kà á fún mi, òun náà ló ń kọ èyí. Má bèèrè ẹni tó jẹ́. Ó ní bí wọ́n bá dárúkọ òun, òun á gbé gègé sílẹ̀. Ó máa ń tètè bínú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Oṣù márùn-ún. Mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì: oṣù márùn-ún. Ológbò ilé kejì wá wò mí jù ọ́ lọ. Ó dára, mo ti bínú tán. Ojú ìwé kìíní ni mo fi bínú, ojú ìwé kejì ni mo fi rẹ́rìn-ín, pàápàá níbi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó ń nu ọṣẹ.

O ní mo máa ń jókòó bí ẹni tó ń retí àlejò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà, kò sí òmíràn. O rí i nígbà náà, o ò kàn mọ̀ pé o rí i ni.

Omi ló pọ̀ nínú àpótí rẹ, oúnjẹ náà sì pọ̀. Àárẹ̀ ọkàn ló ń ṣe ọ́ tí o fi ń bọ́ wọn ní àbọ́jù. Akọ̀wé ní ta ló ń fún ekòló lóúnjẹ bí ẹni tó ń ṣe àlejò àna. Mo ní kó kọ̀wé, kó yé sọ̀rọ̀. Fa ìwé ìròyìn gbígbẹ ya wẹ́wẹ́, kí o pò ó mọ́ ilẹ̀ inú àpótí, kí o má sì fún wọn ní nǹkan kan fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ilẹ̀ náà, kí o fún un bí ẹni ń fún aṣọ tí a fọ̀. Bí omi bá ń ṣàn, ó ṣì tutù jù. Bí kò bá kán ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ, ó ti tó.

Tí o bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn lóúnjẹ, apá kan àpótí nìkan ni kí o máa fi sí. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdọ̀tí kọfí, èèpo ẹyin tí o lọ̀ kúnná. Àwọn tí ebi ń pa á ṣí lọ síbẹ̀. Apá kejì á kù sílẹ̀ fún ọ.

Ní ọjọ́ tí o fẹ́ kó o, rántí pé ekòló kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n mi kò ju ìyẹn lọ. Kó ilẹ̀ náà jọ ní òkìtì kéékèèké sórí ọ̀rá níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bà á, bí ilé eèrà. Lọ fọ abọ́. Tí o bá padà dé, wọn á ti wọlẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Fi ọwọ́ họ orí rẹ̀ títí wàá fi rí ekòló kan. Tí o bá ti rí ọ̀kan, dáwọ́ dúró. Má lé e, má fà á. Lọ nu tábìlì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ. Padà wá, tún họ ọ́. Níkẹyìn, ohun tó máa kù ni àwọn tìkára wọn, wọ́n á so mọ́ra wọn bí òwú tó ta kókó. Fi ọwọ́ méjèèjì gbé wọn padà sílé. Àwọn àgbà ní bí a bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Èmi ò pa eèrà wò rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ekòló kì í ṣe ohun tí à ń lé kiri.

Ohun tí o ní kí bàbá rẹ má gbọ́, kì í ṣe ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ.

Akọ̀wé ní kí o wọn àpótí rẹ fún wa: gígùn, ìbú àti jíjìn. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Èèyàn kan tí kì í gbà pé nǹkan wà àfi tó bá mọ̀ bó ṣe gùn tó.

Èmi, ìyá bàbá rẹ, tí orúnkún rẹ̀ kò tíì fúyẹ́, o ṣeun tí o bèèrè.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Màmá Àgbà mi,

Mo kí yín, mo sì kí akọ̀wé yín. Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́ èébú rẹ̀, mo sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nígbà tí mo ṣí àpòòwé, ìyẹ̀ pákó díẹ̀ dà jáde sórí ìwé mi. Nílé wa, ìyẹ̀ pákó kì í ṣe nǹkan tuntun, inú bẹ́ẹ̀dì pàápàá la ti ń rí i. Ṣùgbọ́n níbí, mo kó o jọ sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbóòórùn rẹ̀. Mi ò lè dà á nù. Mo bù ú sínú àpótí.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tí ẹ sọ. Òórùn burúkú yẹn ti lọ. Nígbà tí mo fún ilẹ̀ náà lánàá, ẹ̀kán kan ló kán, ó rọ̀ sẹ́nu ìka mi bí ẹni pé òun náà ń ronú bóyá kí òun jábọ́. Mo kó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jáde láti fi dán an wò. Mo ṣe òkìtì mẹ́fà sẹ́nu fèrèsé. Màmá, wọ́n lọ. Mo wo òkìtì kan láìṣẹ́jú. Ekòló kan yọ orí, ó rí ìmọ́lẹ̀, ó sì yí padà jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ṣèèṣì wọlé onílé. Mo rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá Ìmọ́tótó fi dìde wá wò ó. Ó sì dúró pẹ́. Mo wá ń ronú nípa yín, pé ẹ ti mọ gbogbo èyí láìsí olùkọ́ kankan, láìsí ìwé, ní ẹ̀yìn ilé ìdáná wa, a sì ń kọjá lára yín bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ lè yìn mí díẹ̀. Mo rí àwọn hóró kan nínú ilẹ̀ náà, wọ́n kéré ju orí ìṣáná lọ, wọ́n pọ́n bí ọsàn tí kò tíì pọ́n tán. Mo ní kòkòrò kan ti wá yé sí i. Mo ṣà wọ́n pátá, wọ́n lé ní igba, mo da omi gbígbóná lé wọn lórí. Nísinsìnyí, ilẹ̀dú mi mọ́ tónítóní. Ọ̀gá Ìmọ́tótó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo hùwà bí èèyàn.

Àpótí mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà márùndínláàádọ́ta, ó fẹ̀ ní ọgbọ̀n, ó jìn ní márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ sọ fún akọ̀wé pé ìgbà méjì ni mo wọ̀n ọ́n, mo mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ-ọmọ yín tó ti ń gbìyànjú.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Màmá Àgbà mi,

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ ò dá mi lóhùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè kẹta lọ wo ibi tí wọ́n ń fi lẹ́tà sí. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí. Tó bá ti rí mi, ó máa ń mi orí kí n tó bèèrè.

Mo mọ ìdí tí ẹ kò fi fèsì. Mo kà á nínú ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹyin ekòló ni àwọn hóró yẹn. Ọmọ wọn ni mo fi omi gbígbóná pa, mo tún ní kí ẹ yìn mí. Mo ti tú àpótí wò. Àwọn àgbà nìkan ló wà níbẹ̀, mi ò rí ọmọ kan ṣoṣo, mo sì bá mẹ́rin tó ti kú. Bí wọ́n bá ń dín báyìí, wọn ò ní pé iye tí olùkọ́ fún mi. Mo ti lọ gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń yọ orúkọ ẹni kúrò nínú ẹ̀kọ́. Ó wà nínú báàgì mi. Mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i, orúkọ mi nìkan ni.

Níwọ̀n ìgbà tó ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Mi ò fẹ́ padà wálé kí n tún máa gbé e kiri.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, àpótí ekòló yín kú. Ẹ rántí. Èmi ni. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n ní tí mo bá lanu, ekòló á yọjú. Láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́, mo wọ́ àpótí náà kúrò lẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi sínú oòrùn, mo lọ. Nígbà tí mo dé, gbogbo wọn ti gbẹ bí okùn bàtà. Bàbá ti kó pákó sẹ́yìn ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ wá rò pé àwọn ló gbé àpótí kúrò kí pákó lè ráyè. Ẹ bá wọn wí lójú àwọn oníbàárà wọn. Bàbá wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kan àpótí tuntun fún yín. Ọdún mọ́kànlá rèé, mi ò jẹ́wọ́.

Ìgbà méjì nìyí tí mo pa ekòló nítorí pé mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi bí ẹni ìdọ̀tí. Bóyá Bàbá rí i kí n tó rí i pé mi ò yẹ fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fèsì, ì báà jẹ́ ìbínú ni.

Èmi náà ni.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Ìyá mi kékeré,

Kì í ṣe ìbínú. Akọ̀wé ló fà á.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹta dé, mo ní kó kọ̀wé sí ọ kíá pé ẹyin ni o pa, pé kò burú, kí o má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní rárá. Ó ní òun ò lè kọ ohun tí òun ò mọ̀ dájú ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ó lọ kan àpótí tirẹ̀, ó wá bu ekòló nínú tèmi, ó jókòó tì í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, ọmọ mi. Lójoojúmọ́ á wá sọ fún mi: “Màmá, mo rí ẹyin mẹ́ta.” “Màmá, ọ̀kan ti là, ọmọ méjì ló jáde nínú rẹ̀, wọ́n funfun bí òwú.” Ẹni tó ti ń kọjá lára àpótí mi láti ogún ọdún. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín sínú ìborùn mi.

Nítorí náà, ohun tó rí ni mò ń sọ fún ọ, kì í ṣe ohun tí mo rò. Àwọn àgbà tó kù nínú àpótí rẹ ti ń yé òmíràn. Ẹyin kan kì í sábà mú ọmọ kan ṣoṣo wá. Fi wọ́n sílẹ̀. Má tú wọn wò mọ́, ìwọ náà, ta ló ń bímọ nígbà tí wọ́n ń ṣí orùlé lé e lórí? Kí oṣù karùn-ún tó parí, wọ́n á pé, wọ́n á lé.

Fọ́ọ̀mù tí o gbà, bébà ni. Ekòló ń jẹ bébà.

Ó kù ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí akọ̀wé kà á débẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jáde, ó pẹ́ níta. Nígbà tó padà, ó kà á parí. Mo wá pe bàbá rẹ. Mo ní, “Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ṣé ìwọ lo gbé àpótí mi sóòrùn?” Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ìyẹn.” Mo ní, “Mo bi ọ́ ni.” Ó ní, “Èmi kọ́. Èmi ni mo bí ẹni tó gbé e.”

Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ní òun rí ibi tí wọ́n ti wọ́ àpótí nílẹ̀, òun sì rí àmì bàtà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kí n bú òun lójú àwọn èèyàn, ó sì kan òmíràn fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dárí jì mí, èmi ìyá rẹ̀. Ó ní kí n má fi ìyẹn ṣeré, ó lọ bu omi fún mi mu tí òùngbẹ ò gbẹ mí.

Akọ̀wé fẹ́ fo gbogbo ibi yìí. Mo ní kó kà á padà fún mi. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí.

Ní tèmi, mo ti gbọ́, ó ti tán. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́. Ẹni tí kò yẹ fún iṣẹ́ kì í da omi lójú nítorí ẹyin ekòló.

Ohun kan ń bọ̀ lọ́nà fún ọ nínú páálí pẹlẹbẹ kan. Má fi omi kàn án.

Ìyá àgbà rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Màmá Àgbà mi,

Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìfọ̀kànsí. Ẹ jókòó dáadáa kí wọ́n tó kà á fún yín.

Páálí náà dé ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún. Asẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Férémù igi kan, wọ́n ta wáyà tín-ínrín sí ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi bébà oníyanrìn tó kúnná dán etí rẹ̀ títí tó fi ń dán bí orí ṣíbí. Mo gbé e lé ẹnu àpótí mi. Ó bá a mu rẹ́gí. Bébà kan ò lè wọ àárín wọn.

Ọjọ́ Sátidé ni mo kó ilẹ̀dú náà. Mo dà á sínú asẹ́ lórí àpótí, mo fi bébà rírin tuntun sísàlẹ̀, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀gá Ìmọ́tótó wọ ìbọ̀wọ́, ó di iná tábìlì mú lókè rẹ̀, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn ekòló ń sá fún ìmọ́lẹ̀, wọ́n ń gba ojú wáyà bọ́ sílẹ̀ sínú ilé ara wọn. A ń gbọ́ ọ, Màmá. Ó ń dún pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lórí bébà. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Mo jókòó bí ẹni tó ń retí àlejò. Nígbà tó yá, mo gbé asẹ́ náà sórí abọ́, mo rọra mì í. Ilẹ̀dú kúnná jáde, ó dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn. Àwọn ẹyin ò lè kọjá lójú wáyà. Gbogbo wọn dúró sókè pẹ̀lú èèpo tí kò tíì jinná, mo sì dà wọ́n padà sọ́dọ̀ ìyá wọn. Ẹni tó ta wáyà yẹn ti ka ẹyin kó tó yan ihò rẹ̀.

Ọ̀gá Ìmọ́tótó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó wo ìka náà. Ó ní, “Èyí mọ́.” Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, olùkọ́ fi ọwọ́ tú abọ́ mi títí dé ìsàlẹ̀. Kò rí ekòló kankan. Ó ṣí àpótí. Àwọn àgbà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ sì kún àárín wọn, wọ́n tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Ó kà wọ́n dé ibì kan, ó rẹ̀ ẹ́. Ó fa ègé bébà kékeré kan jáde tó ní òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ lára, ó bèèrè ohun tó jẹ́. Igun fọ́ọ̀mù yẹn ni, òun nìkan ni wọn ò tíì jẹ tán. Mo ní bébà lásán ni. Lẹ́yìn náà ló wá rí asẹ́. Ó yí i padà, ó tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ó ní, “Kò sí ìṣó kankan nínú èyí. Ta ló ṣe é?” Mo ní, “Ẹnìkan nílé wa ni, mà.” Ó ní kí n gbé e sílẹ̀ kí àwọn tó kù lè wò ó, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn tó ń lọ sí ọdún kejì. Ibi kan náà ni mo dúró sí fún ìgbà pípẹ́ tí mi ò mọ̀ pé ó ti ní kí n máa lọ.

Màmá, ibi tó kù yìí, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè.

Ẹ̀yin akọ̀wé Màmá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mi ò rí ìwé tí bàbá mi kọ rí, àfi nọ́ńbà tí wọ́n máa ń fi pẹ́ńsù kọ sára pákó, nítorí náà mi ò lè fi ọwọ́ ìkọ̀wé mọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n inú ilé káfíńtà ni mo dàgbà sí. Igi tí wọ́n gé eyín sí lẹ́nu, tí eyín ọ̀tún wọ eyín òsì títí tí kò fi nílò ìṣó, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti rí i. Lábẹ́ férémù, ẹnìkan fi pẹ́ńsù kọ 45 àti 30 síbẹ̀, ó sì gbàgbé láti pa á rẹ́. Mi ò pa á rẹ́.

Bàbá mi ní kí n má kọ̀wé sí àwọn lọ́jọ́ tí ekòló bá já mi kulẹ̀. Ekòló ò já mi kulẹ̀. Àwọn náà ò já mi kulẹ̀ rí, láti ọjọ́ tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Èmi ni mo pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lójú wọn, ẹnu mi á wúwo, ojú wọn náà á lọ síbi ayùn. Nítorí náà ni mo fi ní kí n sọ ọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí bàbá mi gbọ́ pé mo mọ igun pákó wọn. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n lè gbé gègé sílẹ̀, mo sì fẹ́ mọ iye ẹyin tó là nínú àpótí yín lóṣù yìí. Tí ẹ bá kà á débí, ẹ rọra kà á, kí ẹ ká lẹ́tà náà sábẹ́ ìrọ̀rí Màmá. Kó wà láàárín àwa mẹ́ta: èmi, Màmá, àti ẹ̀yin.